Ilé Lugard tí à ń gba iwájú rẹ̀ kọjá

 

Sátidé tó kọjá, èmi àti ọmọ mi ọkùnrin lọ ra bàtà ilé-ìwé ní Lọ́kọ́jà. Bí a ṣe dé itòsí Lugard House, ó bi mí pé, "Dádì, ta ló ń jẹ́ Lugard? Ṣé ọba ibí ni?" Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu mi. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń gba ibẹ̀ kọjá. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni pé ilé gómìnà ni.

Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ náà kàn mí. Nígbà tí mo wà ní kékeré n'Ìbàdàn, ìyá bàbá mi máa ń sọ pé bàbá òun bá òyìnbó lọ ṣe sójà ní Lọ́kọ́jà, kò sì padà wálé mọ́. Bí mo ṣe délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí.

Nǹkan bí ọdún 1860 ni òyìnbó kan, Baikie, tẹ̀dó síbẹ̀, níbi tí Odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé. Nígbà tó yá, Royal Niger Company sọ ọ́ di ibùdó ọmọ-ogun wọn. Láti ibẹ̀ ni Goldie ti kó sójà jáde ní oṣù kìíní ọdún 1897. Wọ́n dé Kàbbà, wọ́n ṣẹ́gun Bídà, nígbà tó fi máa di oṣù kejì wọ́n ti wọ Ìlọrin. Àwọn ará Okun tó wà lágbègbè yìí, Nupe ti ń kó wọn lẹ́rú tipẹ́. Òyìnbó lé Nupe lọ fún wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun náà kò lọ mọ́.

Lugard wá kó ẹgbẹ́ ọmọ-ogun tuntun jọ, Hausa àti Yorùbá ló pọ̀ níbẹ̀. Mo rò pé ibẹ̀ ni bàbá wa bá wọn lọ. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1900, wọ́n sọ àsíá kọ́ńpánì kalẹ̀ ní Lọ́kọ́jà, wọ́n ta ti ọba Gẹ̀ẹ́sì. Olú-ìlú kò pẹ́ níbẹ̀: ó ṣí lọ sí Jẹ́bà, ó ṣí lọ sí Zungeru, kó tó di Kàdúná. Ìlú tí wọ́n ti ń jáde lọ jagun yìí náà ni wọ́n wá ń kó ọba tí wọ́n rọ̀ lóyè sí. Ibẹ̀ ni Aliyu, ọba Kano tí wọ́n mú ní 1903, kú sí ní 1926.

Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ ní 1991, ilé ìjọba di ti gómìnà wa, orúkọ Lugard kò kúrò lára rẹ̀. Irú ẹ̀ wà níbòmíràn. Ní ìlú Łańcut ní Pólàǹdì, odi ogun tí ìdílé Lubomirski kọ́ padà di ààfin ọlọ́lá. Lónìí músíọ̀mù ni, ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì a wọlé. Tiwa ṣì wà lẹ́yìn géètì, ọlọ́pàá ló ń ṣọ́ ọ.

Sátidé yìí a padà lọ, a dé itẹ́ òkú àwọn òyìnbó. Orúkọ wọn ṣì wà lára òkúta. Ọmọ mi ní, "Níbo ni ti bàbá ìyá àgbà wà?" Mo ní kò sí. Ó ní, "Kí lorúkọ ẹ̀?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ̀ ọ́n. Oríkì rẹ̀ nìkan ni ìyá àgbà máa ń pè: Àlàó. Àlàó mélòó ló wà n'Ìbàdàn?

Lugard tí kò bí wa, orúkọ rẹ̀ wà lẹ́nu géètì. Ẹni tó bí wa, a ti sọ tiẹ̀ nù. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ṣì ní àgbà nílé, ẹ pè wọ́n lálẹ́ òní. Ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó lọ tí kò bọ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ náà sílẹ̀. Èmi pẹ́ jù.