Ìjàlọ àti Ikán Nínú Igbó Gáṣákà

Láti ìlú Serti ní Ìpínlẹ̀ Tàrábà ni àlejò ti í wọ Gáṣákà-Gúmtì, ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ tó tóbi jù lọ ní Nàìjíríà. Ọdún 1991 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Chappal Waddi, òkè tó ga jù lọ ní ilẹ̀ wa, wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kòkòrò kéékèèké méjì ni ọ̀rọ̀ dá lé lórí lónìí.

Ẹni tó bá rí ìjàlọ àti ikán lè pè wọ́n ní mọ̀lẹ́bí. Wọn kì í ṣe mọ̀lẹ́bí rárá. Èèrà ni ìjàlọ, ìbátan oyin àti agbọ́n. Aáyán ni ìbátan ikán. Ikán a máa fi amọ̀ mọ ọ̀gán tó le bí òkúta, ọba àti ayaba rẹ̀ a wà ní ìyẹ̀wù, àwọn òṣìṣẹ́ a sì máa gbin olú sínú ilé. Ìjàlọ kò nílé gidi, ó ń ṣí kiri ni. Òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò lójú, òórùn ni wọ́n fi ń tọpa ara wọn; síbẹ̀, bí ọ̀wọ́ wọn bá wọlé, onílé ni yóò sá jáde.

Ọmọ Yorùbá tó ti gbé abọ́ omi sábẹ́ àtùpà lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, tó kó èsúnsún, tó yan án jẹ, yóò rò pé ikán ni ìnàkí Gáṣákà yóò yàn. Ọ̀gán kúkú pọ̀ níbẹ̀. Ní Gombe, ní ilẹ̀ Tanzania, Jane Goodall rí i lọ́dún 1960 bí ìnàkí ṣe ń ki koríko bọ ọ̀gán láti fi fa ikán jáde. Ti Gáṣákà ń gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀gán kọjá ni. Ìjàlọ tí ń buni jẹ ni wọ́n ń wá! Wọn a ṣẹ́ ọ̀pá, wọn a já ewé ara rẹ̀, wọn a kì í bọ ibùba ìjàlọ. Bí ìjàlọ bá ti fi ìbínú gun ọ̀pá, wọn a gbá a sẹ́nu, wọn a rún un kíákíá kó tó rí ahọ́n bù jẹ.

Àwọn olùwádìí tó ti ń ṣọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí kò rí i kí wọ́n jẹ ikán. Kì í ṣe àìrí jẹ. Ó jọ àṣà ìdílé, bí ilé kan ṣe ń jẹ ohun tí ilé kejì kà sí èèwọ̀. Irú ìnàkí yìí, tó jẹ́ ti Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù nìkan, ló kéré jù lọ níye nínú ẹ̀yà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà láyé. Ìbọn ọdẹ àti agbo màlúù sì ń wọ inú ọgbà náà. Ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ ni ọmọ ìnàkí ń jókòó sí, tí ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́ ọ̀pá.