Ṣéènì Kì í Ṣe Ẹ̀wọ̀n

Bí mo bá sọ ní Ìsọlọ̀ pé kẹ̀kẹ́ ni mo gùn dé Òṣòdì, márùwá ni gbogbo ènìyàn máa ń rò. Orúkọ Buba Marwa, alákòóso ológun ìpínlẹ̀ Èkó láti 1996 sí 1999, ni wọ́n fi sọ onítáyà mẹ́ta yẹn, òun náà ló sì gba "kẹ̀kẹ́" mọ́ onítáyà méjì lọ́wọ́. Básíkù ni mo ń pe tèmi.

Ní oṣù kẹsàn-án 2022, ìjọba fòfin de ọ̀kadà ní Òṣòdì-Ìsọlọ̀. Ní 2023, wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó ọkọ̀ sì fò sókè. Básíkù ló ń gbé mi dé Òṣòdì kí n tó wọ bọ́ọ̀sì. Bí ṣéènì bá já lọ́nà, kíláàsì aago mẹ́jọ ti lọ nìyẹn.

Ní gbogbo Sátidé, mo máa ń dorí básíkù kodò. Mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti kẹrosíìnì fọ ṣéènì, mo sì ń fi àkísà nù ún. Bó bá gbẹ, ẹ̀kán ọ́ìlì kan ni mo ń kán sí oríkèé kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, mo ń nu ara rẹ̀ dáadáa, torí ọ́ìlì tó bá ṣẹ́ kù síta ló ń fa iyanrìn mọ́ra.

A máa ń sọ pé ṣéènì fà. Irin kì í fà bíi rọ́bà. Inú oríkèé ló ń jẹ. Láti ìṣó kan sí èkejì jẹ́ ìdajì ínṣì, nítorí náà àlàfo 24 gbọ́dọ̀ jẹ́ ínṣì 12 gééré. Bó bá fi 1/8 ínṣì lé, ó ti ń ba eyín básíkù jẹ́. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Bàbá tó ń tún básíkù ṣe ládùúgbò wa ló kọ́ mi ní èyí. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kì í pe ṣéènì ní ẹ̀wọ̀n. Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Ohun tó ń gbé ọ lọ síbi tó wù ọ́, ṣé ẹ̀wọ̀n nìyẹn?"

Ọmọṣẹ́ wọn tó kẹ́yìn ti lọ sídìí márùwá. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀dá-èdè, ọ̀rọ̀ náà ń jẹ nínú oríkèé. Mo ti ń kọ orúkọ irinṣẹ́ wọn sílẹ̀, kí àlàfo tó pọ̀ jù.