Ọwọ́ Wo Ló Wà Lókè? Ìrìn Àjò Wa sí St Andrews

  Láti ìgbà tí a ti dé ni ẹ ti ń bi wá léèrè pé kí ni ẹbí mẹ́ta, pẹ̀lú Màmá tó wá kí wa láti Ìbàdàn, wá lọ ṣe ní Scotland. Èsì wa kò gùn. A lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú igi gọ́ọ̀fù ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ ká rò ó fún yín ná.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin wa, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ni wọ́n fi gọ́ọ̀fù hàn ní ilé ìwé rẹ̀. Eré náà wọ̀ ọ́ lára. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ni ọmọ yìí ń lò, igi tí wọ́n sì fún un, ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni. Bó ṣe gbá bọ́ọ̀lù títí, kò lọ. Ó délé, ó ní òun kò gbá mọ́.

Àsìkò yẹn gan-an ni Màmá dé láti ilé. Ẹ mọ àwọn ìyá wa. Ní ọjọ́ kìíní tí wọ́n bá wa jókòó jẹun, wọ́n rí ọwọ́ tí ọmọ fi mú ṣíbí. "Gba ṣíbí yẹn sí ọwọ́ ọ̀tún, ọmọ mi. A kì í fi òsì jẹun." Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́jọ́ kẹta. Kò sí ìbínú nínú ọ̀rọ̀ wọn o, ẹ̀kọ́ ilé ni lójú tiwọn. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ọmọ kò bá wa jẹun mọ́. Á ní ebi kò pa òun. Bí gbogbo wa bá dìde tán, á wá lọ jẹun nínú ilé ìdáná. Ìyá rẹ̀ rí i, kò lè sọ̀rọ̀, nítorí ìyá ọkọ rẹ̀ ni Màmá. Bàbá rẹ̀ náà kò mọ ibi tí yóò fara sí. Àwa tí a jẹ́ ọ̀rẹ́ wọn náà kò mọ ohun tí à bá sọ.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí nígbà tí àwọn ọmọ gba ìsinmi, tí a wá ní kí gbogbo wa jọ lọ sí ìlú tí gọ́ọ̀fù fi ṣe ilé. Màmá ní àwọn náà ń lọ.

King's Cross ní Lọ́ńdọ̀nù ni a ti wọ ọkọ̀ ojú irin ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Ó tó wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ kí ọkọ̀ tó dé Edinburgh. Mọ́ínmọ́ín tí a rò pé yóò bá wa dé ibẹ̀, a ti jẹ ẹ́ tán kí a tó dé York. Ní Edinburgh, a pààrọ̀ ọkọ̀, a sì gba orí afárá Forth kọjá, afárá onírin pupa tí wọ́n ṣí ní 1890. Àwọn ọmọ kó ojú mọ́ fèrèsé. Ọkọ̀ ojú irin kì í wọ St Andrews fúnra rẹ̀. Leuchars ni a ti sọ̀ kalẹ̀, tí a wọ bọ́ọ̀sì, kò sì pẹ́ rárá tí a fi wọ ìlú.

Oṣù Keje ni o, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ òkun ibẹ̀ kò mọ̀ pé ẹ̀rùn dé. Gèlè Màmá fẹ́rẹ̀ẹ́ fò lọ. Aago mẹ́wàá alẹ́ sì lù, ilẹ̀ kò tíì ṣú tán. Màmá ní, "Ìgbà wo ni àwọn èèyàn yìí wá ń sùn?"

Ìlú àtijọ́ ni St Andrews. Yunifásítì rẹ̀ ti wà láti 1413. Gọ́ọ̀fù náà ti pẹ́ ní Scotland débi pé ní 1457, nígbà ayé Ọba James Kejì, ilé aṣòfin wọn ṣe òfin pé kí ẹnikẹ́ni má gbá a mọ́, nítorí àwọn ọkùnrin pa ọfà títa tì. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ bẹ́ẹ̀: kì í ṣe orí yín ni òbí ti kọ́kọ́ ń pariwo nítorí eré. Ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù tó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀, Royal and Ancient, 1754 ni wọ́n dá a sílẹ̀.

Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé pápá ibẹ̀ kì í ṣe ti olówó nìkan. Pápá méje ni wọ́n ní, gbogbo èèyàn ló sì lè san owó kó gbá níbẹ̀. Èyí tó kéré jù, Balgove, ihò mẹ́sàn-án péré ló ní. Àwọn ọmọdé àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni wọ́n ṣe é fún. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni Old Course, tí ihò tirẹ̀ jẹ́ méjìdínlógún.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, a sanwó olùkọ́ kan fún wákàtí kan níbi tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́. Ọmọ Scotland gidi ni bàbá náà, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì le lójú àwa àgbà. Àwọn ọmọ ló ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí Gẹ̀ẹ́sì fún wa. Ó ní kí a má tíì fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù kankan, kí a kọ́kọ́ kọ́ bí a ṣe ń mú igi, torí pé ọwọ́ nìkan ló kan igi; bí ọwọ́ bá ti ṣì, kò sí ohun tí ẹsẹ̀ tàbí èjìká lè ṣe sí i. Ẹ gbọ́ bó ṣe kọ́ wa. Ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún ló fi bẹ̀rẹ̀.

Èkíní, gbé orí igi lé ilẹ̀, kí ojú rẹ̀ kọ gbọọrọ sí ibi tí o fẹ́ kí bọ́ọ̀lù lọ. Ìgbà tó bá dúró dáadáa ni kí o tó mú un.

Èkejì, ọwọ́ òsì ló ń kọ́kọ́ mú igi, òun ló sì ń wà lókè. Má ṣe kó èèkù igi sí àárín àtẹ́lẹwọ́. Ìka ni kí o fi mú un: kí ó dábùú láti ìdí ìka ọmọńdinrín, èyí tó kéré jù, dé oríkèé àárín ìka ìlábẹ̀. Lẹ́yìn náà, pa ọwọ́ dé e, kí ibi tó ki ní ìdí àtẹ́lẹwọ́ jókòó sórí èèkù. Kí àtàǹpàkò na sórí rẹ̀, kí ó yẹ̀ díẹ̀ sí apá ọ̀tún. Jẹ́ kí orí èèkù yọ díẹ̀ lókè ọwọ́. Bí o bá wo ilẹ̀ báyìí, oríkèé ìka méjì ló yẹ kí o rí ní ẹ̀yìn ọwọ́ òsì rẹ. Ọ̀nà tó wà láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ yóò sì nọ́nà sí èjìká ọ̀tún.

Ẹ̀kẹta, mú ọwọ́ ọ̀tún wá sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìka náà ni kí o fi mú igi. Kòtò àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún yóò bo àtàǹpàkò òsì mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí adìẹ bá bo ẹyin. Ọ̀nà tó wà láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ọ̀tún náà, apá èjìká ọ̀tún ni yóò kọjú sí.

Ẹ̀kẹrin, so ọwọ́ méjèèjì pọ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. O lè gbé ìka ọmọńdinrín ọ̀tún gun àlàfo tó wà láàárín ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín ti òsì. Èyí ni wọ́n fi orúkọ Harry Vardon pè, ọmọ erékùṣù Jersey tó gba ife ẹ̀yẹ Open lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín 1896 àti 1914. O sì lè fi ìka ọmọńdinrín ọ̀tún kọ́ ìka ìlábẹ̀ òsì bí ìwọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Jack Nicklaus ń ṣe, bẹ́ẹ̀ náà ni Tiger Woods, tó gba Open ní St Andrews yìí kan náà ní 2000 àti 2005. Ẹ̀kẹta ni pé kí o kàn to ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sórí igi. Olùkọ́ ní èyí dára fún ọmọdé àti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kéré.

Ibi tí a dé nìyí tí Màmá, tí wọ́n ti dákẹ́ lórí àga láti ìgbà yìí, fi ní kí a bá wọn bi olùkọ́: "Òsì ló wà lókè?" Olùkọ́ ní bẹ́ẹ̀ ni. Màmá kò sọ nǹkan kan.

Olùkọ́ wá pe ọmọbìnrin wa. Ó rí i pé ọwọ́ òsì ló ń lò, kò sì jọ ọ́ lójú. Ó wọlé, ó gbé igi mìíràn jáde, tí ojú rẹ̀ kọ sí òdìkejì. Ó ní bó ṣe yẹ kí ó rí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyí. Ó sọ fún un pé Bob Charles, ará New Zealand, fi ọwọ́ òsì gba Open ní 1963, Phil Mickelson gbà á ní 2013, Brian Harman náà sì gbà á ní 2023. Gbogbo ohun tó kọ́ wa, ó yí i padà fún un: ọwọ́ ọ̀tún lókè, òsì nísàlẹ̀, kí ó nọ́nà sí èjìká òsì.

Màmá dìde. "Ẹ dúró ná. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń lo ọ̀tún, òsì yín ló wà lókè. Èyí tó ń lo òsì, ọ̀tún tirẹ̀ ló wà lókè. Ta ni kí n wá bá wí nínú yín?" Ẹ̀rín pa wá. Màmá náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ yẹn nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ó ń wo ojú ìyá bàbá rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwa bàbá ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù. Ó di igi mú bí ẹni pé olè fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, iṣan yọ ní apá rẹ̀. Bọ́ọ̀lù yà sí ọ̀tún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá àwọn ará ibẹ̀. Olùkọ́ ní ó ti di igi mú jù. Bí ọwọ́ bá le, apá á le, ọrùn-ọwọ́ kò ní lè ṣẹ́, ojú igi á ṣí sílẹ̀, bọ́ọ̀lù á sì yà. Ó ní kí a mú un kí ó má kàn bọ́ ni, kí a má fún un lọ́rùn.

Ni Màmá bá ní kí a gbé igi kan fún àwọn náà. Wọ́n mú un. Olùkọ́ wò ó, ó yí wọn ká, ó ní àwa tó kù, kí a wá wo bí wọ́n ṣe ń mú igi. Ó béèrè ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ. Màmá ní, "Ẹ sọ fún un pé ọmọ odó ni. Ogójì ọdún ni mo fi gún iyán. Ẹni tó bá di ọmọ odó mú pinpin, kí iyán tó kúnná, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á ti bó. O kàn máa darí ẹ̀ ni, òun fúnra ẹ̀ ló máa wálẹ̀. Bó bá rẹ ọ̀tún, o jù ú sí òsì." Wọ́n sọ èyí tó gbẹ̀yìn yìí tán, wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá yíjú sí ọmọ. "Gbá tìrẹ, jẹ́ kí n rí i."

Ọmọ gbá a. Kò jìnnà púpọ̀, ṣùgbọ́n ó lọ gbọọrọ. Màmá pàtẹ́wọ́ ju gbogbo wa lọ.

Ní ọjọ́ Àìkú, a lọ sórí Old Course. Wọn kì í sábà gbá gọ́ọ̀fù níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ará ìlú àti àlejò ló máa ń rìn lórí rẹ̀, tajá tẹran. A rìn dé Swilcan, afárá òkúta kékeré tó wà lójú ọ̀nà ihò kejìdínlógún. A ya fọ́tò lórí rẹ̀. Nínú fọ́tò náà, ọwọ́ òsì ọmọ ni Màmá dì mú.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí a padà délé, ọmọ jókòó sórí tábìlì pẹ̀lú wa. Ó mú ṣíbí sí òsì, ó sì dúró. Màmá ní, "Jẹun, ọmọ mi. Ọwọ́ tí o bá mọ̀ ọ́n lò ni kí o fi jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí o bá ń gbé nǹkan fún àgbà, ọ̀tún ni o. Ṣé o gbọ́?" Ọmọ ní, "Mo gbọ́, Màmá." Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé omi fún wọn, ó sì fi òsì jẹun rẹ̀ tán. Àwọn àgbà ní ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. A ti ń pa òwe yìí láti kékeré, àṣé a kò tíì gbọ́ ọ dáadáa.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ bá fẹ́ kọ́ ọ, kò di dandan kí ẹ dé Scotland kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú igi ìgbálẹ̀ nílé, kí ẹ máa fi ọwọ́ kọ́ ọ ní ìṣẹ́jú márùn-ún lójoojúmọ́, kí ẹ sì ka oríkèé ìka yín. Ṣùgbọ́n ẹ má fì í nínú pálọ̀ o! Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì, ẹ tètè sọ fún olùkọ́ rẹ̀, kí wọ́n wá igi tó bá a mu. Ẹ má sì di ọmọ náà mú jù.

Màmá ti padà sí Ìbàdàn. Wọ́n ní kí a bá wọn kí gbogbo ẹgbẹ́. Ó dìgbà kan ná o.