Láti Ìgàndò sí Àgbádárìgì: Ọjọ́ kan tí tọkọtaya fi wo òkun, tí wọ́n fi jẹ ẹja, tí wọ́n tún fi sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀

Ẹ bi ará Alímọ̀ṣọ́ kan léèrè bí Lọ́ńdọ̀nù ṣe rí, kò ní í sọ pé òun ò mọ̀. Á júwe ọjà Dubai fún yín bíi pé ẹ̀yìnkùlé wọn ni, á tún sọ iye tí wọ́n ń san owó ilé ní Kánádà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í léèrè ìgbà tó dé Àgbádárìgì gbẹ̀yìn, ẹ̀rín lẹ máa bá lẹ́nu ẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ méjì péré ló wà láàárín Ìgàndò àti Àgbádárìgì.

Ká má parọ́, ẹ̀bi wọn kọ́ pátápátá. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ka èèyàn lọ́dún 2006, èèyàn 1,277,714 ni wọ́n kà ní Alímọ̀ṣọ́ nìkan, kò sí ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n kà tó bẹ́ẹ̀ nípìínlẹ̀ Èkó. Ẹni tó bá ń jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ kó lè tètè rí ọkọ̀ wọ̀ n'Íkòtún tàbí Ẹgbẹ́dá, tó jẹ́ pé aago mẹ́sàn-án alẹ́ ló máa wọlé, bí kò bá ti sí òkú tàbí ìgbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé, oorun ló máa sùn.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló lé tọkọtaya kan ní Ìgàndò jáde nílé. Ọkùnrin náà ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan n'Íkẹjà, ìyàwó ẹ̀ ń ta òkirìkà lọ́jà Ìkòtún, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì jọ dá owó ra pulọ́ọ̀tì kan. Ọkọ ní kí wọ́n tà á, kóun fi owó ẹ̀ lọ sí Kánádà, bóun bá ti rẹ́sẹ̀ walẹ̀ níbẹ̀, ìyàwó àtàwọn ọmọ á tẹ̀ lé òun. Ìyàwó ní òun ò gbọ́. Fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, "Ẹ káàárọ̀ sà" àti "Oúnjẹ ti délẹ̀" nìkan ló ń jáde lẹ́nu ẹ̀. Ìgbà tí ọdún ìgbéyàwó wọn wá pé mẹ́wàá, ó ní òun ò fẹ́ kéèkì, òun ò fẹ́ aṣọ, kí ọkọ òun ṣáà mú òun jáde fọ́jọ́ kan, kó jẹ́ ibi tẹ́nikẹ́ni ò ti mọ àwọn. Bí wọ́n ṣe kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà nìyẹn, tí wọ́n kọrí sí Àgbádárìgì.

Aago méje àárọ̀ ò tíì lù tí wọ́n fi wọkọ̀ ní Ìgàndò, wọ́n gba ọ̀nà LASU bọ́ sí Ìyànà-Ìbà. Ibẹ̀ ni kọ̀ńdọ́ ti ń pariwo, "Àgbádárìgì! Sẹ̀mẹ̀! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" Láti ayé Gómìnà Babatunde Fashola ni wọ́n ti ń fẹ títì náà, ibi tó dán á dán, ibi tó gbó á gbó. Òkòkòmáíkò, Ìjanikin, Àgbárá, wọ́n ń kọjá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí pé ọ̀nà yìí kan náà ló lọ sí bodè Sẹ̀mẹ̀ tó wọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, àwọn aṣọ́bodè, ọlọ́pàá àti ṣọ́jà kì í jìnnà sójú títì. Ẹni tí kò bá ṣáà ti gbé ìrẹsì, kò sóhun tó kàn án.

Ọmọ Òṣoògùn

Etí ọ̀sà ní Marina ni wọ́n kọ́kọ́ lọ, níbi tí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń pè ní àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà. Àwọn ajíhìnrere ìjọ CMS ló kọ́ ọ lọ́dún 1845. Ilé náà ò ga, páànù ló wà lórí ẹ̀, ẹni tí kò bá mọ̀ á kàn rìn kọjá lára ẹ̀ ni.

Ọdún 1845 yẹn kan náà ni Samuel Ajayi Crowther gúnlẹ̀ s'Àgbádárìgì, wọn kì í sì í sọ ìtàn ilé yìí kí wọ́n má dárúkọ iṣẹ́ tó ṣe lórí Bíbélì Yorùbá. Ọmọ Òṣoògùn ni Àjàyí. Ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú, wọ́n ń tà á láti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì títí tó fi dénú ọkọ̀ àwọn Potogí. Àwọn ológun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á sílẹ̀ lọ́dún 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Nígbà tó kúrò l'Àgbádárìgì lọ s'Abẹ́òkúta lọ́dún 1846, ó fojú kan ìyá tó bí i lọ́mọ lẹ́yìn ọdún 25.

Ọkọ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "O ò rí i? Ẹni tó lọ, ṣebí ó padà wá."

Ìyàwó ní, "Wọ́n kó o lọ ni, bàbá ọmọ mi. Kò ta ilẹ̀ ẹnikẹ́ni kó tó lọ."

Ẹni tó ń mú wọn kiri ṣe bíi pé òun ò gbọ́, ó ní kí wọ́n jẹ́ káwọn lọ wo ibi tí igi Àgíà wà tẹ́lẹ̀. Abẹ́ igi yẹn ni wọ́n ti wàásù ìhìnrere lọ́dún 1842. Igi náà wó lọ́dún 1959, àmì ìrántí ló kù níbẹ̀.

Ọmọ Jóga

Àgbàlá Séríkì Williams Abass ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Yàrá 40 ni wọ́n ní ó wà níbẹ̀ nígbà òwò ẹrú, àwọn tó ń ṣàlàyé fún àlejò sì máa ń sọ pé èèyàn 40 ni wọ́n ń há mọ́ yàrá kan ṣoṣo, yàrá tí kò fẹ̀ tó ṣọ́ọ̀bù obìnrin yìí n'Íkòtún. Wọ́n tún ní agboòrùn kan ni wọ́n ń fi ra èèyàn 40. Ẹ gbọ́ ná: agboòrùn!

Ibi tó ti wá burú ni pé ọmọ Jóga ni Séríkì, nílẹ̀ Yewa. Òun gan-an, ẹrú ni wọ́n kó o nígbà tó wà lọ́mọdé. Àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì ló kó o, wọ́n sì tà á títí tó fi dé Bràsíìlì. Ó gbọ́ èdè òyìnbó lóríṣiríṣi, ó padà sílé, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwọn èèyàn ẹ̀. Ó di olóyè ńlá, ó kú lọ́dún 1919, inú àgbàlá náà ni sàréè ẹ̀ wà.

Ẹ wò ó bẹ́ẹ̀. Ọmọdé ni Àjàyí àti Séríkì nígbà tí wọ́n kó wọn. Àwọn méjèèjì dé ìlú òkèèrè, wọ́n gbọ́ èdè òyìnbó, wọ́n sì padà wálé. Ọ̀kan gbé ìwé bọ̀, èkejì gbé ẹ̀wọ̀n. Ẹsẹ̀ làlejò fi ń rìn láti ibi tí wọ́n ti ń sọ ìtàn ọ̀kan dé ibi tí wọ́n ti ń sọ ti èkejì.

Ẹ̀wọ̀n ọ̀hún gan-an, ó wà nílé ìdílé Mobee fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó: ti ọrùn, ti ọwọ́, ti ẹsẹ̀, àti èyí tí wọ́n fi ń ti ẹnu ẹrú pa. Obìnrin náà gbé ọ̀kan, ó yára gbé e sílẹ̀. Ó ní ó wúwo ju báálì òkirìkà lọ.

Kànga àti òkun

Ọ̀sán gangan ni wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá ọ̀sà sí erékùṣù Gberefu. Iyanrìn ni gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀, àgbọn lọ́tùn-ún, àgbọn lósì. Ọ̀kadà wà tó lè gbé wọn, ṣùgbọ́n obìnrin náà ní ẹsẹ̀ làwọn ẹrú fi rìn ín, ẹsẹ̀ làwọn náà máa fi rìn. Lójú ọ̀nà, wọ́n bá kànga kan. Ìtàn ibẹ̀ ni pé omi ẹ̀ ni wọ́n ń fún àwọn ẹrú mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé, kí wọ́n má baà ya ewèlè. Lẹ́yìn kànga yẹn, òkun ló kù, àti ọwọ̀n gíga méjì tí wọ́n fi sàmì síbi tí ẹni tó bá kọjá ibẹ̀ kì í padà wá mọ́.

Wọ́n jókòó sórí iyanrìn. Ọkọ ní, "Ẹni tí wọ́n tà àti ẹni tó fowó ara ẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà o."

"Mo mọ̀," ìyàwó dá a lóhùn. "Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ má lọ. Àmọ́ ẹ ti mú ẹni tó máa ra ilẹ̀ yẹn débẹ̀ kẹ́ ẹ tó dárúkọ Kánádà sí mi létí. Kò sẹ́ni tó bi mí. Ìyẹn ló ń dùn mí."

Ọkùnrin náà ń wo ìgbì òkun, ó pẹ́ kó tó fèsì. Ó ní, "Ó dáa. Ẹnikẹ́ni ò ní í tọwọ́ bọ ìwé ilẹ̀ yẹn láìsí ìwọ níbẹ̀." Kò ní òun ò lọ mọ́, kò sì ní òun ń lọ.

Ẹja tí kò mọ yìnyín

Ebi ló lé wọn padà sínú ìlú. Ẹni tó ti fi òkú Èkó dàgbà ní Alímọ̀ṣọ́ ló máa mọ adùn ẹja Àgbádárìgì, nítorí ẹja yẹn ò mọ ohun tó ń jẹ́ yìnyín. Ẹja yíyan ni wọ́n jẹ, pẹ̀lú akàn, ata tó ta létí àti ẹ̀bà gbígbóná, wọ́n wá fi omi àgbọn lé e sísàlẹ̀. Ọkọ ń yọ egungun ẹja fún ìyàwó ẹ̀, ohun tí kò ṣe mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ń fẹ́ra sọ́nà. Nígbà tí wọ́n máa dìde, obìnrin náà ti bá ìyá Ègùn kan ná àgbọn mẹ́fà títí tí àwọn méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ wọn ò gbọ́ èdè ara wọn dáadáa.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀, kó tètè jáde láàárọ̀, nítorí ọ̀nà àbọ̀ lálẹ́ Sátidé kì í ṣe eré. Kó wọ bàtà tó ṣe é rìn nínú iyanrìn, kó sì ná owó ọkọ̀ ojú omi tàlọ-tàbọ̀ kó tó gbẹ́sẹ̀ sínú ẹ̀. Kó bèèrè ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, kó sì má wọnú òkun lọ wẹ̀, ìgbì ibẹ̀ le. Àwọn ọmọ àwọn tí wọ́n kó lọ ń wọ bàálù láti Amẹ́ríkà wá wo kànga yẹn. Ọkọ̀ méjì péré ni ti ará Ìgàndò.