Róbọ́ọ̀tì Inú Páálí

Àwọn kan nínú yín ti sọ mí di "Bàbá Róbọ́ọ̀tì" ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Kò burú, ẹ máa pè mí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bí eré yìí ṣe rí, kí ẹni tó bá wù náà lè bẹ̀rẹ̀.

Gundam ni orúkọ rẹ̀. Eré àwòrán orí tẹlifíṣọ̀n ni ní ilẹ̀ Japan ní 1979. Nígbà tó di 1980, ilé-iṣẹ́ Bandai bẹ̀rẹ̀ sí í ta róbọ́ọ̀tì inú rẹ̀ ní wẹ́wẹ́ nínú páálí, pé kí ẹni tó rà á fọwọ́ ara rẹ̀ tò ó. Nínú eré náà, mítà 18 ni róbọ́ọ̀tì yẹn ga. Ìwọ̀n 1/144 ni tèmi: ẹ fi 144 pín mítà 18, sẹ̀ntímítà 12 àti ààbọ̀ ni ẹ óò rí. Kò ju ife ìmumi lọ, o jàre.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó má lọ ra ràgàjì. Èyí tí wọ́n kọ High Grade sí lára ti tó. Èdè Japan ló kún inú ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n àwòrán ló ń sọ̀rọ̀. Ara férémù oníke ni gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ so mọ́, pẹ̀lú lẹ́tà àti nọ́ńbà. Ẹ má gé gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, yóò dàrú mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì la ń gé e: àkọ́kọ́, ẹ jìnnà sí ẹ̀yà náà díẹ̀; lẹ́yìn náà, ẹ wá gé ìyókù mọ́ ọn lára. Kọ́tà tí àwọn oníwáyà iná ń lò ṣeé lò. Ẹ fi sánpépà ha ojú ibi tí ẹ gé. Kò gba góòmù. Ẹ ṣáà tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi wọlé.

Owó ńkọ́? Ó wọ́n díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wà ní kékeré ní Ìkòròdú, ṣebí agolo mílíìkì la fi ń ṣe mọ́tò? Àwọn Ikorodu Bois náà, ohun èlò inú ilé ni wọ́n fi ṣe àfarawé fíìmù Extraction ní 2020, tí ayé fi gbọ́ orúkọ wọn.

Ará Ẹ̀pẹ́ ni bàbá bàbá mi. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń kàn. Nínú ọmọ mẹ́fà tí wọ́n bí, kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Nígbà tí mo gbé róbọ́ọ̀tì yìí dé ọ̀dọ̀ wọn, mo rò pé wọn yóò fi mí ṣẹ̀sín ni. Wọ́n gbà á, wọ́n ká orúnkún rẹ̀, wọ́n nà án, wọ́n tún ká a.

"Ìṣó dà?"

"Kò sí ìṣó, Bàbá. Kò sí góòmù náà."

"Ìwọ lo tò ó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Wọn ò wo róbọ́ọ̀tì náà mọ́, ọwọ́ mi ni wọ́n ń wò. Ọwọ́ tiwọn ti ń gbọ̀n láti bí ọdún méjì. Wọn ò lè fa ìlà tó gún mọ́. Wọ́n ní, "Wá lọ́jọ́ Sátidé."

Láti ìgbà yẹn, gbogbo Sátidé ni mò ń bá wọn wọn pákó létí ọ̀sà. Èmi ni mò ń fa ìlà. Wọ́n á jókòó, wọ́n á máa sọ ibi tó yẹ kó gbà. Ọkọ̀ kan ṣì wà nílẹ̀ ní ààbọ̀. Bàbá ní àwọn fẹ́ kó wọ omi kí ọdún yìí tó parí. Ẹni tó bá fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, kó mú sánpépà tiẹ̀ dání.