Oúnjẹ Ilẹ̀ Là Ń Dáná Sun

Ní Bọ́lọ́rundúró, àti káàkiri ọ̀nà Oǹdó sí Àkúrẹ́, ilé tí wọ́n bá gbá àyíká rẹ̀ mọ́ tónítóní la máa ń yìn. Ewé máńgòrò àti ewé ọsàn tí a gbá jọ láàárọ̀, iná la máa ń ti bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà la ó wá máa ráhùn pé ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé kò dàgbà, pé ilá kò so. Lójú tèmi, ilẹ̀ wa kò burú, oúnjẹ rẹ̀ là ń sun. Ẹ wo ààtàn àtijọ́, níbi tí àwọn ìyá wa ń da èèpo iṣu, ewé àti eérú ààrò sí. Kò sẹ́ni tó gbin tẹ̀tẹ̀ síbẹ̀, síbẹ̀ ewé rẹ̀ a máa fẹ̀ gbàgàdà. Bí a bá ki ọkọ́ bọ ibẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ dúdú ló ń jáde, tó ń fọ́ wẹ́rẹ́ lọ́wọ́, tí ekòló ń yí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ìgbálẹ̀ ń kọjá lójoojúmọ́ pupa, ó sì le gbagidi; bí òjò bá rọ̀, omi á ti ṣàn lọ kó tó ráyè wọlẹ̀.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Amọ̀ inú ilẹ̀ agbègbè wa kò fi bẹ́ẹ̀ lè di oúnjẹ irúgbìn mú fúnra rẹ̀. Ewé, gbòǹgbò àti ìgbẹ́ ẹran tó ti jẹrà ló ń bá a dì í mú. Rattan Lal, onímọ̀ ilẹ̀ ọmọ Íńdíà, ṣiṣẹ́ ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Íbàdàn, láti 1970 títí di 1987. Ìwádìí tó ṣe níbẹ̀ fi hàn pé ilẹ̀ tí a fi koríko àti pòròpórò bò, òjò kì í wọ́ ọ lọ bíi ti ilẹ̀ tó wà níhòòhò. Lọ́dún 2020 ni wọ́n fún un ní ẹ̀bùn World Food Prize.

Ẹnìkan lè ní àwọn bàbá wa náà sunko, wọ́n sì kórè. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi ilẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn náà kó di ìgbòrò fún ọdún púpọ̀. Ẹ̀yìnkùlé kì í sinmi. Bí a ti ń já ẹ̀fọ́ la tún ń gbin òmíràn. Eérú náà wúlò: àwọn onímọ̀ yunifásítì FUTA l'Ákúrẹ́ ti dán ti èèpo kòkó wò, ó sì ń tún ilẹ̀ tó ti kan ṣe. Àmọ́ náítírójìn, tó ń mú kí ewé tutù yọ̀yọ̀, ti bá èéfín lọ. Èèpo kòkó tí a bá kó jọ sábẹ́ igi kòkó a máa jẹ́ ibùba fún àrùn tó ń sọ èso di dúdú. Bí a bá kó o wálé láti jẹrà fún ẹ̀fọ́, oko àti ọgbà ló jèrè. Àwọn mìíràn á ní ajílẹ̀ òyìnbó yá jù. Ó yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n níbi tí kò sí ohun tó máa dì í mú, òjò ni yóò jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ìbẹ̀rù ejò àti eku ni mo ka sí jù nínú gbogbo àwíjàre. Nítorí náà, ojúde ilé gbọ́dọ̀ máa mọ́; ìdí ẹ̀fọ́ nìkan ni ká tẹ́ ewé sí, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí kòtò tí ewé yóò ti jẹrà sì jìnnà sí ògiri. Ààtàn òde òní kọ́ ni mo ní kẹ́ ẹ wà o: bátìrì àti ọ̀rá ti wà níbẹ̀, ẹ̀fọ́ a sì máa fa májèlé wọn mu. Ìgbẹ́ adìyẹ náà, ẹ jẹ́ kó jẹrà kó tó kan gbòǹgbò, nítorí tútù rẹ̀ a máa jó irúgbìn.

Ewé Akíntọ́lá pọ̀ létí ọ̀nà. Ẹ gé e kó tó tanná, ẹ kó o pọ̀ mọ́ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìgbẹ́ adìyẹ náà. Ẹ gbẹ́ kòtò yẹn kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé. Ewé tí ẹ bá gbá lọ́la, ẹ dà á síbẹ̀, ẹ má ṣáná sí i.