Fáìlì Tó Ń Gba Àyè Sílẹ̀

Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì ní 2011 ní ọgbà ní Ìkọ̀lé náà. Àwa tá à ń kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn àti iṣẹ́ ẹ̀rọ, Ìkọ̀lé la wà. Kọ̀ǹpútà àgbélétan kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá wa, tòkunbọ̀ sì ni. Àwa mẹ́rin la dá owó rà á. RAM rẹ̀ ò ju 2GB lọ, bátìrì rẹ̀ sì ti kú: bí wọ́n bá ti mú iná lọ, òun náà lọ nìyẹn.

Ètò tó wúwo ò lè dúró lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tá a fi gbé Linux sí i, tá a sì yan i3 láti máa to àwọn fèrèsé rẹ̀. Michael Stapelberg, ará Jámánì, ló gbé i3 jáde ní 2009. Kò ní ọ̀ṣọ́ kankan. Ó kàn ń pín ojú kọ̀ǹpútà bí ẹni pín ilẹ̀ oko ni: ẹ ṣí ètò kan, ó gba gbogbo ojú, ẹ ṣí èkejì, wọ́n pín in sí méjì. Kò sí èyí tó ń gun orí ìkejì.

Oníkálukú ló ní bó ṣe ń fẹ́ kí tirẹ̀ rí. Ọ̀kan ń fẹ́ ìwé kíkà lápá òsì, ìwé kíkọ lápá ọ̀tún. Òmíràn ń fẹ́ mẹ́ta. Tí iná bá lọ, a tún bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó látìbẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ iná tó dé lè má lò ju wákàtí kan lọ.

Láti ẹ̀dà 4.8, ní 2014, ni i3 ti lè tọ́jú ìtò yẹn. Ẹ ó tẹ èyí:

i3-save-tree --workspace 1 > ise.json

Ẹ ó ṣí fáìlì náà, ẹ ó yọ àmì // kúrò níwájú ìlà "class", kí i3 lè mọ ètò tó ni àyè kọ̀ọ̀kan. Ẹ yọ kọ́mà tó bá ṣẹ́kù níparí ìlà náà o. Tí iná bá dé, append_layout lẹ ó fi pè é padà.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ná: fáìlì yẹn kì í ṣí ètò kankan. Fèrèsé òfìfo lẹ ó rí, tó dúró sáyè rẹ̀, títí ẹ ó fi ṣí ètò náà fúnra yín. Ṣẹ́ ẹ mọ bá a ṣe ń ju ìwé sórí àga láàárọ̀ kùtù láti gba àyè fún ọ̀rẹ́ ní kíláàsì? Ìwé yẹn ò lè gbọ́ ẹ̀kọ́. Ó kàn ń sọ pé ẹnìkan ń bọ̀ ni.

Ọ̀kan nínú wa ti padà sílé ní Ìdó látìgbà tí bàbá rẹ̀ ti dùbúlẹ̀ àìsàn. Òun ló wà nídìí oko báyìí. Fáìlì rẹ̀ ṣì wà láàárín tiwa. Nígbà tẹ́nìkan ní ká pa á rẹ́, a pè é lórí fóònù.

"Ẹ má fọwọ́ kan tèmi o," ló wí. "Mò ń bọ̀."

Tá a bá pè é jáde, fèrèsé òfìfo mẹ́ta ló máa ń yọ. A kì í ṣí nǹkan kan sínú wọn.